Lẹ́tà ṣíṣí sí àjọ NICRAT: ẹ jẹ́ ká mọ irú jẹjẹrẹ tó wà léegun ọmọ kí kímò tó bẹ̀rẹ̀

Sí Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo ìgbìmọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìwádìí àti ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, NICRAT, ní Àbújá.

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà mi. Ẹ kú ìlàkàkà nítorí ìlú.

Yàrá àyẹ̀wò ẹran ara ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní apá Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù níbí. Àwa là ń gba ẹran tí dókítà bá gé lára aláìsàn, à ń rì í sínú ìda, à ń gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, à ń pa á láró, kí dókítà tó ń wo máíkírósíkóòpù tó lè sọ ohun tó jẹ́. Jẹjẹrẹ kan tó máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́ léegun, tàbí nínú ẹran tó yí eegun ká, ló mú mi kọ̀wé sí yín. Ewing sarcoma lorúkọ rẹ̀. Èyí tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n àtàwọn tó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín fún: ẹ ṣètò rẹ̀ kí wọ́n máa yẹ jíìnì (ìlànà iṣẹ́ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì) irú kókó bẹ́ẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ kímò (oògùn líle tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ), kí ẹbí aláìsàn má sì san kọ́bọ̀ lórí àyẹ̀wò náà.

Ẹ mọ̀ jù mí lọ lórí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, n kò wá kọ́ yín. Ṣùgbọ́n àwọn òbí máa ka lẹ́tà yìí, ẹ jẹ́ kí n là á yé wọn.

Ní 1921 ni James Ewing, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ eegun kan tó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé èyí máa ń súnkì bí wọ́n bá fi ìtànṣán rédíọ́ọ̀mù tọ́jú rẹ̀, nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ kì í gbọ́. Tí a bá wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, sẹ́ẹ̀lì kéékèèké roboto ló máa ń kún inú rẹ̀, àwọ̀ búlúù ni gbogbo wọn, ọ̀kan ò sì yàtọ̀ sí èkejì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé oríṣiríṣi jẹjẹrẹ ọmọdé ló ń gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ wá. Burkitt wà níbẹ̀, èyí tí àwọn ilé ìwòsàn wa ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́. Neuroblastoma wà níbẹ̀. Rhabdomyosarcoma náà wà níbẹ̀. Ojú lásán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Inú jíìnì ni ìyàtọ̀ wà. Ní 1983 ni àwọn onímọ̀ sọ ọ́ di mímọ̀ pé nínú sẹ́ẹ̀lì Ewing, kírómósómù 11 àti 22, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí jíìnì wà lára rẹ̀, ti kán, wọ́n sì ti gba ìdí ara wọn. Ní 1992, ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní Paris ṣàfihàn jíìnì méjèèjì tó lẹ̀ mọ́ra: EWSR1 àti FLI1. Bí ìgbà tí télọ̀ bá rán èjìká agbádá mọ́ ṣòkòtò ni, aṣọ tí kò yẹ kó sí rárá. Ohun tó jáde níbẹ̀ ló ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa pọ̀ láìdúró. Nínú aláìsàn Ewing 100, nǹkan bí 85 ló ní EWSR1 pẹ̀lú FLI1. Nínú bí mẹ́wàá mìíràn, ERG ló gba ipò FLI1. Lára ìwọ̀nba tó kù, ó lè jẹ́ ETV1, ETV4 tàbí FEV, ó sì lè jẹ́ pé EWSR1 gan-an ni kò sí níbẹ̀, tí FUS jókòó sí àyè rẹ̀. Ewing náà ni gbogbo wọn. Àwọn tó ṣọ̀wọ́n yìí ni àyẹ̀wò tó ń wá EWSR1 àti FLI1 nìkan máa gbójú fò dá.

Àwọn ìbátan rẹ̀ tún wà. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Japan rí jíìnì CIC tó lẹ̀ mọ́ DUX4. Ní 2012, Paris tún gbé BCOR pẹ̀lú CCNB3 jáde. EWSR1 pẹ̀lú NFATC2 náà wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àpò kan náà ni wọ́n ń kó gbogbo wọn sí, wọ́n á ní wọ́n jọ Ewing. Ní 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìwé tí a fi ń pín jẹjẹrẹ sí ọ̀wọ́, yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára Ewing, tó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni ìyẹn já mọ́ fún ọmọ tó ń jẹ̀rora lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó já mọ́ ohun púpọ̀. Oògùn márùn-ún la fi ń tọ́jú Ewing: vincristine, doxorubicin àti cyclophosphamide wà lápá kan, ifosfamide àti etoposide wà lápá kejì, wọ́n á sì máa pààrọ̀ wọn fún aláìsàn. Ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní Àríwá Amẹ́ríkà ní 2012 fi yé wa pé, láàárín àwọn tí àrùn náà kò tíì tàn ká ara wọn, bí oògùn yìí bá ń wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, 73 nínú 100 ni àrùn náà kò yọjú padà sí lára tí nǹkan mìíràn kò sì ṣe wọ́n títí di ọdún karùn-ún. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, 65 ni. Àwọn ará Yúróòpù náà gbé ìlànà yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, èsì rẹ̀ jáde ní 2022, èyí sì ló borí. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjìlá tí kímò ti ń wọlé ni wọ́n máa ń gé kókó náà kúrò tàbí kí wọ́n fi ìtànṣán jó o, kí wọ́n tó tún padà sórí kímò.

Ewing nìyẹn. CIC ní tirẹ̀, ẹran ara ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí ju eegun lọ, ó máa ń tètè dé ẹ̀dọ̀fóró, oògùn Ewing kì í sì í ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ bó ṣe yẹ. Dókítà tó bá mọ̀ pé òun ló wà níwájú òun á múra ogun lọ́tọ̀, á sì bá ẹbí sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. BCOR kò rí bẹ́ẹ̀. Eegun ló fẹ́ràn, àwọn ọmọkùnrin tó ń bàlágà ló sì ń mú jù, oògùn Ewing sì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ dáadáa. Ní ti NFATC2, àgbàlagbà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń mú, kímò kì í sì í sábà ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tó mọ́ ni ìrètí tó wà níbẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo aláìsàn NFATC2 tí wọ́n fi oṣù mẹ́ta fún ní oògùn tó ń já irun rẹ̀, tó ń pa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí kókó náà sì jókòó sí ibi tó wà, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò wo jíìnì rẹ̀. Ṣe ni wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àwa náà ní àró tó lè fi Ewing hàn. Àró CD99 la máa ń kọ́kọ́ dé bá. Tó bá ti mú, tó yí etí sẹ́ẹ̀lì ká, ọwọ́ ti fẹ́ kọ Ewing sílẹ̀. Ṣùgbọ́n CD99 máa ń mú lára lymphoma (jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà) irú kan tó wọ́pọ̀ láàárín ọmọdé, èyí tí wọ́n ń pè ní lymphoblastic, ìtọ́jú tiẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Lára CIC, ó lè mú níbì kan kó má mú níbòmíràn. NKX2.2 sàn jù ú lọ. WT1 àti ETV4 máa ń tọ́ka sí CIC, àró BCOR náà wà fún ìbátan rẹ̀. Àyẹ̀wò FISH tó ń fi hàn pé EWSR1 ti kán náà ní ihò tirẹ̀. EWSR1 máa ń kán nínú àwọn jẹjẹrẹ mìíràn tí kì í ṣe Ewing rárá, irú bí èyí tó máa ń kún inú ikùn ọ̀dọ́kùnrin, níbi tó ti lẹ̀ mọ́ WT1. Tó bá sì jẹ́ ERG ló lẹ̀ mọ́, FISH lè ní kò sí nǹkan kan. Àfi kí èèyàn mọ jíìnì méjèèjì tó so pọ̀.

Ẹ̀yà kan tún wà tó máa ń tan àgbà ọ̀jẹ̀. Ibi tí itọ́ ti ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, tàbí ọ̀nà ọ̀fun níbi tí gẹ̀gẹ̀ máa ń wà, tàbí inú imú ló máa ń yọ sí. Àró keratin àti p40 á mú lára rẹ̀, gbogbo èèyàn á ní jẹjẹrẹ awọ inú ara lásán ni, bẹ́ẹ̀ EWSR1 àti FLI1 wà nínú rẹ̀ gbáko. Ewing ni, ó sì yẹ kó gba oògùn Ewing.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wálé. Ilẹ̀ wa kún fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS. Bí ọmọ SS bá ní itan ń dun òun, tó ń gbóná, tí ẹsẹ̀ wú, ohun méjì ló máa wá sọ́kàn dókítà: ìrora tó máa ń wá lóòrèkóòrè, tàbí kòkòrò tó wọ inú eegun. Ìgbà púpọ̀ ni ó máa ń tọ̀nà. Ṣùgbọ́n Ewing náà ń mú ara gbóná, ó ń mú sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ lọ sókè, ó ń jẹ eegun lójú ẹ́ksíréè bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ́. Èyí tó burú jù ni pé bí inú kókó Ewing bá ti kú, ó máa ń yọ́, tí wọ́n bá sì fi abẹ́rẹ́ fà á, ohun tó máa jáde á dà bí ọyún gan-an. Wọ́n á ní ọyún ti jáde, ẹ̀rí ti dé. Wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wá kòkòrò, wọn ò ní fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwa tó ń wo ẹran ara. Ọ̀sẹ̀ á máa gun orí ọ̀sẹ̀ lórí oògùn kòkòrò, kókó á máa wú. Àwọn mìíràn á ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun, tí wọ́n á ti fi igi dè é, tí wọ́n á sì ti sín gbẹ́rẹ́ sí i. N kò dá ẹbí kankan lẹ́bi lórí ìyẹn. Ibi tó súnmọ́ni, tó ń gba owó díẹ̀díẹ̀, lèèyàn ń sá lọ.

Bí ẹran náà bá wá dé ọ̀dọ̀ wa, ogun mìíràn bẹ̀rẹ̀, èmi náà sì wà lójú ogun yìí lójoojúmọ́. Eegun kò ṣeé gé bí ẹ̀dọ̀ tàbí ọmú. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ wa á fọ́ lórí rẹ̀. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un rọ̀. Ásíìdì ló yá jù: tí èèyàn bá jù ú sínú rẹ̀ lálẹ́, bó bá dàárọ̀ ó ti rọ̀, ọ̀bẹ á kọjá, síláìdì á jáde, dókítà tó ń pe fóònù láti ìjẹta á dákẹ́. Ṣùgbọ́n ásíìdì líle yẹn ti jẹ DNA àti RNA inú ẹran náà run, àwọn ohun tí a ti ń ka jíìnì. Ìgbà púpọ̀ ni kò sí ẹ̀rọ tó lè ka jíìnì látinú irú bulọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ (ìda tí a rì ẹran náà sí) mọ́. EDTA, kẹ́míkà kan tó ń rọra mú eegun rọ̀, ló dára, kì í ba jíìnì jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó máa ń gba ọjọ́ púpọ̀, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì wọ́n ju ásíìdì lọ. Ọ̀nà àbáyọ tó rọrùn jù kò ná ẹnikẹ́ni lówó: kí dókítà tó ń gé ẹran náà mú díẹ̀ níbi tó rọ̀, tí kò ní eegun, kó fi sínú ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú fọ́málìn (omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́) tí wọ́n pò dáadáa, kó kọ ọ́ sí i lára pé kò gbọ́dọ̀ kan ásíìdì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, kò ṣòro. Kò kàn tíì di òfin ni.

Ìyá kan wá sí ojú fèrèsé wa nígbà kan, ó fẹ́ gba bulọ́ọ̀kù ọmọ rẹ̀ kó lè fi ránṣẹ́ sókè òkun. Ilé ìwòsàn mìíràn ni wọ́n ti ṣe é kó tó dé ọ̀dọ̀ wa fún àtúnwò. Ó fi tíṣù wé bulọ́ọ̀kù kékeré náà, ó tún fi ọ̀rá dúdú wé e, ó wá bi mí pé, "Àǹtí, ṣé oòrùn ò ní pa á lọ́nà?" Mo ní, "Ìyá, ẹ má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò, ìda ló wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì yín." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo fún un lówó. Ẹbí, ará àti àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ló jọ dá owó tí wọ́n fi rán an. Èsì tó padà wá ni pé kò sí RNA tó ṣeé kà nínú rẹ̀. Ásíìdì ti gbé e lọ kí bulọ́ọ̀kù náà tó kúrò nílùú.

Wọ́n máa ń sọ pé Ewing ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ènìyàn dúdú. Òótọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, ó ń mú aláwọ̀ funfun tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án bó ṣe ń mú aláwọ̀ dúdú, àwọn onímọ̀ sì ti rí lára ohun tó fà á nínú àbímọ́ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ wò ó báyìí: tí Ewing gidi bá ṣọ̀wọ́n láàárín wa, nígbà náà, bí kókó sẹ́ẹ̀lì roboto bá yọ léegun ọmọ Yorùbá tàbí ọmọ Ìgbò, ìdí túbọ̀ pọ̀ tó fi yẹ ká béèrè bóyá ìbátan rẹ̀ ni, bóyá CIC ni, bóyá lymphoma ni. Ìbàdàn ti ń kọ orúkọ àwọn tó ní jẹjẹrẹ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ ribiribi ni. Àmọ́ ohun tí wọn ò bá yẹ̀ wò kò lè wọ inú ìwé àkọsílẹ̀. Bí a bá ń kọ Ewing fún gbogbo wọn, tàbí tí a kàn ń kọ jẹjẹrẹ eegun, ọmọ wa ò ní sí nínú ìmọ̀ tí gbogbo ayé ń kó jọ lórí àwọn ẹ̀yà tuntun yìí.

Ẹ̀yin ni òfin 2017 gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé jẹjẹrẹ ọmú àti ti ẹnu ilé ọmọ ń pa èèyàn ju èyí lọ, mo sì mọ̀ pé àwọn méjèèjì àti ti prostate ni owó ìrànwọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn aláìní fi bẹ̀rẹ̀. N kò ní kí ẹ gba owó lọ́wọ́ wọn. Nítorí pé àrùn yìí ṣọ̀wọ́n gan-an ni ìnáwó rẹ̀ kò fi ní pọ̀. Kò dìgbà tí gbogbo ilé ìwòsàn bá ní ẹ̀rọ. Yàrá àyẹ̀wò kan tó gbámúṣé tó fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tàbí méjì, ọ̀kan ní Gúúsù, ọ̀kan ní Àríwá, kí bulọ́ọ̀kù máa lọ síbẹ̀ láti gbogbo ìpínlẹ̀, kí ìjọba san owó ìrìnnà àti owó àyẹ̀wò.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìmọ̀ ò sí nílé. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, Redeemer's University ní Ẹdẹ, ní ACEGID, ilé ìwádìí jíìnì àwọn kòkòrò àrùn, ni wọ́n ti ka jíìnì kòkòrò kòrónà tó kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ wa, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ṣe é. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ náà wà. Bákan náà, ẹ̀rọ PCR tí ìjọba àtàwọn ọlọ́rẹ rà nígbà kòrónà wà káàkiri ilé ìwòsàn àti yàrá àyẹ̀wò wa. PCR kan náà yẹn lè wá EWSR1–FLI1 àti EWSR1–ERG látinú bulọ́ọ̀kù, tí ásíìdì kò bá ti bà á jẹ́. Wọ́n á ra èròjà tirẹ̀, wọ́n á sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn méjì yìí nìkan á fún ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó ní Ewing ní ìdáhùn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí PCR kò bá rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni kó lọ síbi tí wọ́n á ti ka gbogbo RNA rẹ̀, kí a lè rí CIC, BCOR, NFATC2 tàbí FUS.

Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan, ẹ fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìwòsàn ńlá lórí ọ̀rọ̀ ásíìdì. Ẹ kọ ọ́ kó ṣe kedere pé ẹran tó rọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, pé EDTA ni kí wọ́n lò fún eegun ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí wọ́n bá fura sí jẹjẹrẹ, pé ohun tó dà bí ọyún látinú eegun gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwa náà, kó má dá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá kòkòrò nìkan. Ẹ kọ ọ́ pé dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ níkẹyìn ni kó pinnu ibi tí abẹ́rẹ́ bàyọ́pùsì (èyí tí wọ́n fi ń mú ẹran fún àyẹ̀wò) máa gbà wọlé, nítorí pé ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ yẹn náà lè ní sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, wọ́n sì máa gé e mọ́ kókó náà ni. Mo ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n ì bá gbà là, tí ọ̀bẹ tó kọ́kọ́ wọlé láti ibi tí kò yẹ sọ ọ́ di gígé.

Oògùn náà tún wà níbẹ̀. Gbogbo oògùn márààrún tí mo dárúkọ ló wà nínú ìwé oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, pẹ̀lú mesna tó ń dáàbò bo àpò ìtọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba ifosfamide, àti filgrastim tó ń gbé sẹ́ẹ̀lì funfun dìde kí kímò ọ̀sẹ̀ méjì-méjì lè ṣeé ṣe. Bí filgrastim ò bá sí, ọ̀sẹ̀ méjì á di mẹ́ta, á di márùn-ún, àǹfààní tí ìwádìí 2012 fi hàn á sì bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹ bá wa rí i pé wọ́n dé papọ̀, kí wọ́n má máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ sì pe àwọn dókítà eegun, àwọn dókítà jẹjẹrẹ ọmọdé, àwọn tó ń wo síláìdì, àwọn onítànṣán àti àwa òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa gbé ọ̀rọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò níwájú ara wọn. Dókítà kan ṣoṣo ní ìlú kékeré kò lè rí CIC ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láyé rẹ̀. Bí wọ́n bá kóra jọ, wọ́n á rí i tó láti dá a mọ̀.

Ìwé àṣẹ lórí ásíìdì àti EDTA kò nílò owó ìsúná. Òun ni mo kọ́kọ́ ń bẹ̀ yín fún, kó jáde láàárín ọdún yìí. Mo ti kọ bí a ṣe ń ṣe é ní yàrá àyẹ̀wò sílẹ̀ ní ìpele-ìpele, mo sì ti ṣetán láti fi í ránṣẹ́ sí yín, tàbí kí n wá fi ọwọ́ mi ṣe é níwájú àwọn tí ẹ bá fẹ́ rán.

Èmi ni tiyín tòótọ́,

Òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ẹran ara kan
Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù Nàìjíríà